Kíkó Ojúṣe Kúrò Lórí Sáfà Àtijọ́: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Sáfà kan ṣoṣo ni a ní. Windows Server 2012 R2 ló wà lórí rẹ̀, òun sì ni domain controller wa: òun ló mọ àkáùǹtì àwọn olùkọ́, ti yàrá kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ọ́fíìsì bọ́sà. Àwọn aláṣẹ ti ra sáfà tuntun tó ní Windows Server 2022. Mo kà á pé ojúṣe márùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní FSMO, tí mo gbọ́dọ̀ kó lọ sórí tuntun kí n tó pa ti àtijọ́. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, pé kí n kàn fún tuntun ní orúkọ àti àdírẹ́sì àtijọ́, gbogbo nǹkan yóò sì máa lọ. Báwo ni kí n ṣe é tí gbogbo olùkọ́ yóò fi lè wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ìgbà wo sì ni mo lè pa sáfà àtijọ́?

Òǹkàwé kan, Bódìjà

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ̀lé ìmọ̀ràn ti orúkọ yẹn. Kì í ṣe orúkọ sáfà ni kọ̀ǹpútà tó wà nínú domain (ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àti àkáùǹtì tí a ń ṣàkóso papọ̀) fi ń dá domain náà mọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní SID ni ó mọ̀, àti pásíwọ́ọ̀dù ìkọ̀kọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bá domain náà dá sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá dá domain mìíràn sílẹ̀ lórí sáfà tuntun, tí orúkọ méjèèjì tilẹ̀ bára mu délẹ̀, àjèjì ni àwọn kọ̀ǹpútà yín yóò kà á sí. Ẹ ó wá máa tú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì bá ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní òfìfo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ohun tó tọ́ ni pé kí sáfà tuntun wọ inú domain tí ẹ ti ní, kí ó di domain controller kejì, kí ó gba ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ojúṣe kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Kíkó ojúṣe márùn-ún náà gan-an kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e, pàápàá jù lọ ṣíṣe àwárí gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀rọ yòókù ti gbára lé lára sáfà àtijọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá, tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ mú ìsinmi àárín sáà, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì rí i pé inverter yín ti gba iná dáadáa tí epo sì wà nínú jẹnẹrétọ̀, nítorí pé iná tó bá lọ láàárín ìgbà tí sáfà ń di domain controller lè da iṣẹ́ rú ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ system state (àwọn ètò pàtàkì àti àkójọ àkáùǹtì) sáfà àtijọ́ sórí dísíìkì mìíràn, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹnìkan ṣì mọ pásíwọ́ọ̀dù DSRM (ipò àtúnṣe domain controller), èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ́jọ́ tí sáfà náà di domain controller. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ lo àṣẹ dcdiag, tó ń yẹ ìlera domain controller wò, kí ẹ sì ka ohun tó bá sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àṣìṣe tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé sáfà tuntun kò ní wo àìsàn àtijọ́ sàn, ńṣe ni yóò gba ẹ̀dà rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé òun ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú yín bóyá orí Windows Server 2003 tàbí 2000 ni wọ́n ti dá domain náà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá sórí 2012 R2. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fóldà SYSVOL, níbi tí àwọn òfin Group Policy àti àwọn ìlànà ìwọlé wà, ṣì máa gba ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní FRS láti orí sáfà kan dé òmíràn. Windows Server 2012 R2 ṣì fara da FRS, ṣùgbọ́n láti Windows Server 2019 wá ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá, 2022 yín kò sì ní gbà láti di domain controller níwọ̀n ìgbà tí FRS bá ṣì wà. Ẹ lo àṣẹ yìí lórí sáfà àtijọ́:

dfsrmig /getglobalstate

Bí ó bá dáhùn pé Eliminated, ẹ ti bọ́ níbẹ̀ nìyẹn, DFSR, ọ̀nà tuntun tó rọ́pò FRS, ni ẹ ń lò. Bí ó bá sọ pé iṣẹ́ ìṣípòpadà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gba ipò mẹ́ta kọjá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì: dfsrmig /setglobalstate 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 3. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lo dfsrmig /getmigrationstate, kí ẹ sì dúró títí yóò fi sọ pé gbogbo domain controller ti dé ipò náà. Láti ipò 1 àti 2, ẹ ṣì lè padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé 3 kò lè padà mọ́. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe rárá, domain functional level (ìpele ẹ̀yà Windows Server tí domain náà ń bá ṣiṣẹ́) gbọ́dọ̀ wà ní Windows Server 2008 ó kéré tán, sáfà 2022 náà kò sì ní gba ohun tó bá rẹlẹ̀ ju èyí lọ. Kò sí ẹni tó yẹ kó máa kánjú níbí. Bí ó bá gba gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tọ́ sí i.

Ìgbà yìí ni ó wá kan sáfà tuntun. Ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀ àti àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kí DNS rẹ̀ (ètò tó ń sọ orúkọ ẹ̀rọ di àdírẹ́sì) máa tọ́ka sí sáfà àtijọ́, kí ẹ sì mú un wọ inú domain. Ẹ fi Active Directory Domain Services (ètò Windows tó ń tọ́jú àkáùǹtì àti kọ̀ǹpútà inú domain) sórí rẹ̀, kí ẹ wá sọ ọ́ di domain controller, pẹ̀lú DNS àti Global Catalog (àkójọ tí a fi ń wá nǹkan nínú Active Directory). Àkáùǹtì tí ẹ bá fi ṣe é gbọ́dọ̀ wà nínú Schema Admins àti Enterprise Admins. Iṣẹ́ adprep tí a máa ń fọwọ́ ṣe nígbà kan ti wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀ láti Windows Server 2012, ẹ kò ní láti ṣe é lọ́tọ̀.

Nígbà tí ó bá ti tún ara rẹ̀ tàn, ẹ má ì tíì kó ojúṣe kankan. Ẹ lo repadmin /showrepl kí ẹ rí i pé ẹ̀dà ń lọ, ó sì ń bọ̀, láìsí àṣìṣe. Ẹ tún lo net share lórí sáfà tuntun. Bí ẹ kò bá rí SYSVOL àti NETLOGON nínú ohun tó kọ jáde, domain controller tòótọ́ kọ́ ni ẹ ní níbẹ̀, ohun yòówù kí ojú Server Manager máa sọ.

Nípa ojúṣe márùn-ún náà, àwọn méjì jẹ́ ti gbogbo forest (àkójọpọ̀ àwọn domain tó jọ wà lábẹ́ Active Directory kan). Schema Master ló ń dáàbò bo ètò irú ohun tí Active Directory lè fi pamọ́, Domain Naming Master ló sì ń ṣàkóso fífi domain kún forest tàbí yíyọ ọ́ kúrò. Lójoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yín, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé wọ́n wà. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ti domain. RID Master ló ń pín nọ́ńbà tí a fi ń ṣe SID fún àkáùǹtì tuntun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn 500, lẹ́ẹ̀kan fún domain controller kọ̀ọ̀kan. Infrastructure Master kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ kankan níbi tí domain bá ti jẹ́ ẹyọ kan. PDC Emulator ni ẹ ó mọ̀ lára bí kò bá sí: òun ni aago gbogbo domain ń tẹ̀lé, òun ni ìròyìn pásíwọ́ọ̀dù tuntun kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà sì ni a ń tọ̀ lọ nígbà tí àkáùǹtì ẹnìkan bá tì. Ká sọ pé SAFA2 ni orúkọ sáfà tuntun, ẹ ṣí PowerShell lórí rẹ̀, kí ẹ kọ báyìí:

Move-ADDirectoryServerOperationMasterRole -Identity SAFA2 -OperationMasterRole 0,1,2,3,4

Yóò béèrè bóyá ó dá yín lójú, ẹ ó sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, netdom query fsmo yóò kọ ojúṣe márààrún jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni wọ́n, SAFA2 nìkan ni ó sì yẹ kí ẹ rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró síbí yìí, wọ́n á pa sáfà àtijọ́, wọ́n á sì lọ sílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní lè wọlé, wọ́n á sì ní kíkó ojúṣe ni kò ṣiṣẹ́. DNS ni. Kọ̀ǹpútà máa ń béèrè lọ́wọ́ DNS pé níbo ni domain controller wà, bí àdírẹ́sì DNS tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ ti sáfà tí ẹ ti pa, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Nítorí náà, ẹ lọ sínú DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà), ì báà jẹ́ sáfà àtijọ́ náà ló ń ṣe é tàbí rọ́tà, kí ẹ yí option 006, ibi tí àdírẹ́sì DNS wà, padà sí àdírẹ́sì SAFA2. Bí ó bá jẹ́ sáfà àtijọ́ ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹ wo àwọn forwarder (DNS ìta tí ó ń béèrè ohun tí kò mọ̀ lọ́wọ́ wọn) tó wà nínú DNS àtijọ́, kí ẹ kọ wọ́n sínú tuntun. Ẹ yí DNS SAFA2 fúnra rẹ̀ kúrò lára sáfà àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn yí ilé ẹ̀kọ́ ká, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ kọ àdírẹ́sì sí kò ní sọ fún yín: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé tó sì ń fi í ránṣẹ́ sínú fóldà, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà bọ́sà tí ẹnìkan ti fọwọ́ tò ní ìgbà kan rí. Ẹ ṣí àwọn ìlànà ìwọlé àti Group Policy pẹ̀lú, kí ẹ wá ibi tí orúkọ sáfà àtijọ́ bá wà nínú ọ̀nà fóldà.

Kí ẹ tó wá yọ sáfà àtijọ́ kúrò nípò domain controller, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó dára tó èyí. Ohun tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ohun tó ṣì gbára lé e, ẹ ó sì rí i nígbà tí dídá wáyà padà ṣì lè yanjú rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé bí SAFA2 bá kú tó sì tún tàn láàárín àkókò náà, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbéra sọ, nítorí pé domain controller tó ní ojúṣe lọ́wọ́ máa ń fẹ́ kọ́kọ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyọkúrò náà pẹ́ títí. Sáfà tí kò bá bá èkejì sọ̀rọ̀ ju 180 ọjọ́ lọ, èyí tó jẹ́ òdiwọ̀n nínú ọ̀pọ̀ domain, kò yẹ kó padà wọlé mọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ náà bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ dá wáyà padà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà lọ kó bọ̀, kí ẹ wá lo Server Manager láti yọ ọ́ kúrò nípò domain controller bó ṣe tọ́. Ẹ yẹ DNS àti Active Directory Sites and Services wò, kí ẹ pa orúkọ rẹ̀ tó bá ṣẹ́kù rẹ́. Ìgbà yìí ni ẹ lè pa á. Bí àwọn ẹ̀rọ tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí wọn bá pọ̀ jù, mo fara mọ́ ọn pé kí SAFA2 gba àdírẹ́sì àtijọ́ náà lẹ́yìn ìyọkúrò yìí, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ẹ ó lo ipconfig /registerdns, kí ẹ sì tún iṣẹ́ Netlogon bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bá àwọn aláṣẹ yín sọ ni pé sáfà kan kò tó. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows Server 2012 R2, nítorí náà mi ò ní sọ pé kí ẹ fi ti àtijọ́ ṣe èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ ra ẹ̀rọ kékeré kan sí i tí yóò máa jẹ́ domain controller kejì. Bí iná ṣe ń lọ tó ń dé ní ìlú wa yìí, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbé àkáùǹtì gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lé orí dísíìkì ẹ̀rọ kan.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú ọ̀wọ́n, èmi ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Mọ́kọ́lá. Sáfà méjì ni a ní. Nígbà tí iná ìjọba dé pẹ̀lú agbára ní alẹ́ ọjọ́ kan, èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn jóná. Ọmọ tó ń bá wa bójú tó kọ̀ǹpútà ní òun ti fi agbára gba ojúṣe rẹ̀ bọ́ sórí èkejì, iṣẹ́ sì ń lọ. Ní báyìí, ó ti pààrọ̀ power supply rẹ̀, ó sì ti tàn. Ó fẹ́ dá a padà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí méjèèjì lè jọ máa ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ ti ọdún méjì sẹ́yìn ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣé kí n gbà fún un?

Òǹkàwé kan, Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má gbà fún un, ẹ sì sọ fún un kó yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lára sáfà náà lónìí.

Ọ̀nà méjì ni ojúṣe ń gbà kúrò lórí sáfà. Èkíní ni ìfinilọ́wọ́, nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà láàyè tí ọ̀kan sì fún èkejì. Èkejì ni ìgbà-pẹ̀lú-agbára, èyí tí ọmọ yín ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò tètè rí ìyàtọ̀ náà: akápò tó fẹ́ fipò sílẹ̀ máa ń kó ìwé àti kọ́kọ́rọ́ fún akápò tuntun lójú gbogbo ẹgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé òun kì í ṣe akápò mọ́, ṣùgbọ́n akápò tó rìnrìn àjò tí a kò gbúròó rẹ̀, tí ẹgbẹ́ fi yan òmíràn, lè dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé gbígba owó rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì máa gbowó lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un. Sáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn yẹn ṣì gbà pé òun ni RID Master. Bí ó bá wọlé padà, ó lè pín nọ́ńbà tí èkejì ti pín fún ẹlòmíràn, àkáùǹtì méjì á wá ní ìdánimọ̀ kan náà, ẹni tí kò yẹ kó rí ìwé kan yóò sì rí i. Ètò wà nínú Windows tó ń gbìyànjú láti dènà èyí, ṣùgbọ́n owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó wà níbẹ̀, ẹ má fi dán an wò. Ìmọ̀ràn Microsoft pàápàá ni pé domain controller tí a bá ti fi agbára gba RID, Schema tàbí Domain Naming lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sínú domain bó ṣe wà.

Ìwé ìnáwó yín kò sọnù. Kí ó tan sáfà náà láìsí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti láìsí Wi-Fi, kí ó kó àwọn fáìlì sórí dísíìkì tó ṣeé gbé kiri, kí ẹ̀yin fúnra yín sì ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó gbà pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà, lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́, kí ó lọ sínú Active Directory Users and Computers, níbi Domain Controllers, kí ó pa orúkọ sáfà àtijọ́ rẹ́. Láti Windows Server 2008 wá, ìparẹ́ yìí ń nu àwọn ohun ìkọ̀kọ̀ tó kù nípa rẹ̀ náà. Kí ó nu DNS pẹ̀lú. Ìgbà tí èyí bá parí ni kí ó wá nu dísíìkì sáfà tó tún ṣe, kí ó fi Windows Server tuntun sórí rẹ̀, kí ó sì mú un wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pẹ̀lú pé nígbà mìíràn kò pọn dandan kí ó yára fi agbára gbà á. Bí ó bá dájú pé ẹ̀rọ náà yóò padà ní ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọn ènìyàn yóò ṣì máa wọlé nípasẹ̀ sáfà kejì, àkáùǹtì tuntun yóò sì ṣeé dá sílẹ̀ títí nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tán. PDC Emulator nìkan ni àìsí rẹ̀ tètè máa ń dààmú ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ

Lẹ́yìn tí a kó ojúṣe sórí sáfà tuntun tán ní ọ́fíìsì wa ní Ring Road, àwọn kọ̀ǹpútà kan ń sọ pé aago àwọn àti ti sáfà kò dọ́gba, wọn kò sì jẹ́ kí a wọlé. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN

Kerberos, tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò, kò gbà kí aago kọ̀ǹpútà àti ti domain controller fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ yàtọ̀ síra. Kíkó PDC Emulator kò kó ètò aago tẹ̀lé e. Lórí sáfà tó ni ojúṣe náà báyìí, ẹ lo èyí:

w32tm /config /manualpeerlist:"pool.ntp.org" /syncfromflags:manual /reliable:yes /update

Lórí sáfà àtijọ́, bí ó bá ṣì wà nínú domain, ẹ lo w32tm /config /syncfromflags:domhier /reliable:no /update, kí ó lè di ẹni tó ń tẹ̀lé aago ẹlòmíràn. Rọ́tà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ kí UDP 123 jáde. Bí sáfà tuntun bá jẹ́ ẹ̀rọ tó wà nínú ẹ̀rọ mìíràn (virtual machine), ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó gbé e kò máa fi aago tirẹ̀ bo ti PDC.

Ẹ tún wo agbègbè aago. Mo ti rí i tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí agbègbè Amẹ́ríkà, tí wọ́n wá fọwọ́ yí aago títí ó fi bá ti Ìbàdàn mu. Lójú ènìyàn, aago náà tọ́, ṣùgbọ́n UTC (aago àgbáyé) ni Kerberos ń wò, UTC kọ̀ǹpútà yẹn sì ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí yàtọ̀. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ lo tzutil /s "W. Central Africa Standard Time", lẹ́yìn náà w32tm /resync. Bí aago rẹ̀ bá tún padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí iná bá lọ, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ti kú. CR2032 ni nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ ó rí i rà ní Dùgbẹ̀.